Ilé Ìwòsàn Ni, Ilé Ìwé Ni

Ẹ̀yin tí ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjọ́ta, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀nà á là. Ẹ̀yin ìyá wa ní Mile 12, tí ẹ ń tú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ẹ kú ọjà, ẹ ó tà á jèrè. Ẹ̀yin alábàárù, ẹ kú agbára. Ẹ̀yin ará Kétu, ará Ìkòsí, ará Alápẹ́rẹ́, ará Ògùdù, títí dé Agbóyì tó wà lórí omi, mo kí gbogbo yín.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé yín dé ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, tí ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ lajú, tí ẹ rí ọ̀dọ́ márùn-ún, mẹ́fà, nínú ẹ̀wù funfun, tí wọ́n pagbo yí yín ká, kí ló máa wá sí yín lọ́kàn? Ẹ sọ òótọ́. Ẹ̀rù á bà yín, àbí? Ẹ ó ní, "Ṣé àìsàn mi ti le tó báyìí ni?" Ẹlòmíràn á bínú. Á ní, "Ṣé èmi ni wọ́n wá fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo bá wá lónìí nìyẹn, mi ò sì ní fi bọpobọyọ̀. Ilé ìwòsàn bíi LASUTH, ilé ìwòsàn ni, ilé ìwé ni. Ìtọ́jú ń lọ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú níbẹ̀, olùkọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú ìwé kankan dání.

Báwo ló ṣe di ilé ìwé? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọdún 1955. Ta ló ni Ìkẹjà lọ́dún yẹn? Ẹ má sọ pé Èkó o. Ìlú Èkó nígbà náà, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ìkẹjà ńkọ́? Kétu ńkọ́? Ìkòsí, Ògùdù ńkọ́? Gbogbo wọn, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n wà. Ìbàdàn ni àṣẹ ti ń wá. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà lórí àlééfà. Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan sí Ìkẹjà. Kékeré ni. Irú ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró lẹ́nu géètì, ẹ ó rí òpin rẹ̀.

Ẹ wò ó, ìjọba kan náà, ọdún kan náà. Ilé ìwé fún ọmọ, ilé ìwòsàn fún tọmọdé tàgbà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ilé ìwòsàn kékeré yẹn fúnra rẹ̀ á di ilé ìwé lẹ́yìnwá ọ̀la.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìkẹjà bọ́ sínú ẹ̀, àwa náà bọ́ sínú ẹ̀, ilé ìwòsàn náà bọ́ sínú ẹ̀. Ó ń fẹ̀ sí i. Ó di Jẹ́nẹ́rà Ìkẹjà. Àwọn àgbà wa kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ sọ fún wọn pé LASUTH, wọ́n á ní, "Ìyẹn Jẹ́nẹ́rà, àbí?" Ẹ má bá wọn jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mélòó nínú yín ni wọ́n bí sí Àyìnkẹ́ House? Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Sir Mọbọ́lájí Bank-Anthony, gbajúmọ̀ oníṣòwò, ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí yẹn, tó fi ta ìjọba Èkó lọ́rẹ. Òní yìí, inú LASUTH ló wà. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ BRT ní Mile 12, tí ẹ sọ̀ ní Maryland, tí ẹ wọ ọkọ̀ Ìkẹjà, orúkọ ta ni títì tí ọkọ̀ yẹn máa gbà ń jẹ́? Mobolaji Bank-Anthony Way. Orí títì bàbá yẹn náà ni wọ́n ń gbà gbé aboyún lọ sí ilé tí bàbá yẹn kọ́. Ọ̀pọ̀ olówó ló ti kọ́ ilé sí Ìkẹjà láti ìgbà yẹn. Ìwọ̀nba ni àwọn tí orúkọ wọn wà lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ.

Báwo wá ni Jẹ́nẹ́rà ṣe di LASUTH? Fásitì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní 1999. Ọmọ wọlé, olùkọ́ wà. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn á ti rí aláìsàn? Inú ìwé ni? Ojú pátákó ni? Ẹ ò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí lójú pátákó. Nítorí náà, ní oṣù keje ọdún 2001, nígbà tí Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba kéde pé Jẹ́nẹ́rà Ìkẹjà ti di ilé ìwòsàn tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn ọmọ LASU níṣẹ́ ìṣègùn. Ibi tí ilé ìwòsàn ti di ilé ìwé nìyẹn.

Kí n yà síbì kan díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, LUTH àti LASUTH kì í ṣe ọ̀kan náà o. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọ Fásitì Èkó tó wà ní Akọ́kà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. LASUTH wà ní Ìkẹjà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Mélòó mélòó ni ẹbí tó jẹ́ pé Ìdí-Àràbà ni aláìsàn wà, Ìkẹjà ni wọ́n gbé oúnjẹ lọ? Ẹ máa gbọ́ orúkọ náà dáadáa kí ẹ tó wọkọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláta kan láti Mile 12 ṣe àpẹẹrẹ. Irin ha á lẹ́sẹ̀ lọ́jà. Ó ní kékeré ni. Ó ń ta ata rẹ̀ lọ. Egbò kò jinná. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, egbò ń jẹ wọlé. Nígbà tó dé LASUTH, wọ́n rí i pé ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀, dókítà àgbà ń bọ̀. Kọ̀nsọ́ltáǹtì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rẹ́jísítírà, dókítà tó ti gboyè ṣùgbọ́n tó ń kọ́ṣẹ́ sí i kó lè di ògbóǹtagí nínú ẹ̀ka kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni háúsì ọ́físà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọlé, tó ń lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Háúsì ọ́físà yìí ni ẹ máa ń rí láàárín òru, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tó ń wá iṣan tí á ti fa ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá ni àwọn ọmọ ilé ìwé. Gbogbo wọn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ìyá aláta. Wọ́n pagbo.

Dókítà àgbà yíjú sí ọmọ ilé ìwé kan. Ó ní, "Kí lo rí?" Ọmọ náà ń wò fẹ̀ẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀. Ó wo dókítà. Ó sọ tirẹ̀. Dókítà ní, "O ò tíì wò ó dáadáa. Fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kejì. Èwo ló tutù jù?" Ìyá aláta ń wò wọ́n. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ti wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò."

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Dókítà àgbà yìí, ènìyàn mélòó ló máa rí láàárọ̀ yìí? Wọ́ọ̀dù ti kún. Àwọn tí wọ́n wá láti ilé pẹ̀lú káàdì ń dúró níta. Kò lè jókòó ti ìyá aláta fún wákàtí kan. Ta ló lè jókòó tì í? Ọmọ ilé ìwé ni. Wọ́n ti yan ìyá yìí fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bi í ní ìbéèrè láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ lò sí i? Ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín? Kí lẹ ń jẹ lọ́jà? Ìgbà tó jókòó tì í lọ́sàn-án yẹn, tí ara ìyá balẹ̀, tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ọmọ mi" àti "mọ́mì," ìgbà yẹn ni ìyá tó jẹ́wọ́ pé òun ń bu àgúnmu kan sínú egbò náà láràárọ̀. Kò sọ ọ́ fún dókítà àgbà. Ojú ń tì í. Ọmọ ilé ìwé sáré lọ sọ ọ́. Àṣírí àìsàn tú.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó kéré jù nínú àwùjọ náà ló ní àkókò jù, òun ló sì ń gbọ́ ohun tí àgbà kò gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bínú pé wọ́n fi yín kọ́ṣẹ́, ẹ rántí pé ojú mẹ́fà ló ń wo egbò yín dípò ojú kan. Ẹni tó bá sì ń kọ́ ẹlòmíràn kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà, torí wọ́n á bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é báyìí, sà?" Kò lè sọ pé bó ṣe wù mí ni.

Àwọn kan á ní, bí ọmọ ilé ìwé bá ṣì í ṣe ńkọ́? Ó dáa. Ṣé télọ̀ máa ń fún ọmọ iṣẹ́ tó wọlé lánàá ní àrán yín kó gé e? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀, á rán bọ́tìnnì, á máa wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò kó tó gboyè, ọdún kan míì gẹ́gẹ́ bíi háúsì ọ́físà, ó sì ku ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di kọ̀nsọ́ltáǹtì. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹnì kan wà lórí rẹ̀ tó ń wò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ LASUTH là ń sọ, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìkẹjà. À ń sọ pé ilé ìwòsàn ni, ilé ìwé ni. À ń sọ pé aláìsàn ibẹ̀, olùkọ́ ni.

Bí ó bá wá jẹ́ ilé ìwé, ṣé gbogbo ẹ̀fọ́rí ló yẹ kó débẹ̀? Ẹ dáhùn. Ọmọ yín ń húkọ́ ní Ìkòsí, ẹ gbé e, ó di Ìkẹjà. Ìbà ń ṣe yín ní Kétu, ó di Ìkẹjà. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ bá èrò. Ẹ jókòó láti àárọ̀. Ẹ bú nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì bú yín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ wà lẹ́yìn yín lórí ìlà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìbà lẹ wà níwájú. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ilé ìwòsàn yẹn kì í ṣe ti ìbà mọ́. Àìsàn tó ti kọjá agbára àwọn yòókù ló wà fún. Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ìpele kìíní, wà ládùúgbò yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọwọ́ wọn kò bá ká a, wọ́n á kọ lẹ́tà fún yín. Ẹ mú lẹ́tà yẹn dání, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì fi di ẹ̀pà.

Ìpele kejì ńkọ́? Àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ kò tòṣì níbẹ̀. Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà, ilẹ̀ wa níbí ló wà. Àìmọye ènìyàn ló ń fò ó kọjá lọ sí Ìkẹjà, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wá wà ní Gbàgádà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó. Ibẹ̀ ni ìjọba Èkó kọ́ ilé ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín sí. Nígbà kòrónà, ní 2020, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn tó lùgbàdì àìsàn náà sí. Ẹ sì má rò pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ o. Háúsì ọ́físà wà ní Gbàgádà náà.

Ẹ rántí oṣù kẹfà 2024. Kọ́lẹ́rà wọ Èkó. Nígbà tí ìjọba ń ka àwọn ibi tó ti ṣọṣẹ́, wọ́n dárúkọ Kòsọ́fẹ́. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹ mọ bí omi ṣe ń rí ládùúgbò Mile 12 nígbà tí odò Ògùn bá kún. Ẹni tí kọ́lẹ́rà mú, kí ló nílò? Omi ni. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà lẹ́nu, omi lójú iṣan bó bá le, kíá, kíá. Ìgbẹ́ gbuuru yẹn lè pa ènìyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá ní dandan Ìkẹjà ni, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú yín ní Ọjọ́ta, ta ló máa dá omi padà sára aláìsàn nínú ọkọ̀? Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lọ́jọ́ yẹn ni ilé ìwòsàn tó tóbi jù. Ẹ pe 767 tàbí 112. Wọ́n kì í gba owó ìpè.

Owó ńkọ́? Mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ nílé. Ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa wà, Ìlera Èkó. Ọdọọdún lẹ ń san án, nígbà tí ara yín le. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹ lè pawọ́ pọ̀ forúkọ sílẹ̀. Èsúsú tí ẹ ń dá fún aṣọ ẹbí, ṣé kò lè mú èyí náà mọ́ra? Ó kàn wù mí kí n bi yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dun èmi gan-an.

Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ìyá aláta kọ́ṣẹ́, ibo ló wà lónìí? Ó lè jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè jẹ́ Sáúdí. Ó lè jẹ́ Kánádà. Ó ti jápa. Mile 12 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ èrè rẹ̀. Èyí kò dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi nìkan. Ní 2023, aṣòfin kan láti Èkó níbí gbé àbá wá sílé aṣòfin l'Ábùjá pé kí wọ́n má fún dókítà ní ìwé àṣẹ tó pé títí yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún nílé. Àwọn dókítà fárígá. Wọ́n ní ẹrú kọ́ làwọn. Ní tèmi o, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ẹ kò bá fún ní ilé tó dáa, owó oṣù tó tó, oorun díẹ̀, kò sí òfin tí ẹ lè fi dè é tó máa fi tọkàntọkàn wo egbò. Bí wọ́n bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń jìyà rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: mélòó nínú wa ló ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá tọrọ ìbò wa pé, "Dókítà mélòó ló kù ní Gbàgádà?" A ń béèrè ọ̀nà. A ń béèrè iná. A ń béèrè ìrẹsì.

Síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn kan dúró. Kọ̀nsọ́ltáǹtì tó ń bi ọmọ ilé ìwé ní ìbéèrè nídìí bẹ́ẹ̀dì yẹn, òun náà ní àǹfààní àtilọ. Kò lọ. Bó bá lọ, ta ló máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀? Nǹkan méjì ni ìlú ń pàdánù nígbà tí àgbà bá lọ kúrò nírú ilé ìwòsàn yẹn: oníṣègùn kan, àti olùkọ́ gbogbo oníṣègùn tí ì bá jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kí n tó lọ, ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá wa máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀. Ṣé dandan ni? Ṣé mo lè sọ pé mi ò fẹ́ kí ọmọ ilé ìwé wo ara mi? Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ara yín ni. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde ní 2018. Ọ̀wọ̀ àti àṣírí yín wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, tí ojú ń tì yín níwájú ọkùnrin, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí obìnrin dúró tì mí." Bí wọ́n bá pọ̀ jù: "Ẹ jẹ́ kí méjì péré dúró." Kò yẹ kí wọ́n torí ẹ̀ dín ìtọ́jú yín kù. Bí ẹ bá sì gbà fún wọn, ẹ má kàn dákẹ́ o. Ẹ bi ọmọ náà pé kí lorúkọ rẹ̀. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín bó ṣe rí gan-an, àti ohun tí ẹ ti lò nílé, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ àgúnmu. Bó bá tẹ̀ yín le jù, ẹ sọ fún un pé, "Rọra, ó ń dùn mí." Ó ní láti kọ́ ìyẹn náà, ìwé kankan kò sì ní i nínú.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni a ó gbé yẹ̀ wò: kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ń ní kí ẹbí aláìsàn wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ibo sì ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ dè mí.